Ilẹ̀kùn Yàrá Kòkó

Ìró àgádágodo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé ewúrẹ́ ilé kejì ni Àǹtí Àgbà ń lé, pé wọ́n kàn fa ilẹ̀kùn dé kí ó má baà wọlé wá jẹ iṣu wọn ni. Mo ṣì gbójú sókè, mò ń wo àjà níbi tí wọ́n ní òjò ti ń jò, kò sì sí àmì òjò kankan níbẹ̀. Ìgbà tí mo fa ilẹ̀kùn tí kò mì ni mo tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n tì mọ́lé.

"Àǹtí Àgbà, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi o."

"Mo mọ̀," ni wọ́n dáhùn láti ìta. "Jókòó síbẹ̀."

Èmi Fáìzàh, ayàwòrán ilé, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìyá ọmọ méjì, ni wọ́n tì mọ́ yàrá bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀. Inú bí mi débi pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo gbá ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ dùn mí, ilẹ̀kùn kò sì mọ̀ pé ẹnì kan gbá òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, àwọn Kìrìsìtẹ́nì inú wọn, tí Titus ṣíwájú wọn, ti wọ mọ́tò lọ sí Ìkirè láti ra dòdò. Fóònù mi wà lórí tábìlì ní ìta. Àǹtí Àgbà kò ṣèèṣì mú ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti wò ó dáadáa.

Yàrá kòkó ni à ń pe yàrá náà. Nígbà tí kòkó ṣì ń fọhùn ní Àpòmù, ibẹ̀ ni Gàrúbà, bàbá bàbá mi, ń kó àpò kòkó sí kí àwọn oníkòkó Gbọ̀ngán tó wá gbé e. Nítorí olè, fèrèsé kékeré kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, irin sì ni wọ́n fi dí i. Pákó apá tó nípọn ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìnjìsì irin gígùn méjì ló dì í mú, bóòtù gba inú pákó kọjá, gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì wà nínú yàrá, kí olè tó bá dúró ní ìta má baà lè tú u. Nígbà tí kòkó kò fọhùn mọ́, Àṣíáwù, ọmọ Gàrúbà obìnrin, kẹ́rù kúrò nílé ọkọ ní Orílẹ̀-Òwu, wọ́n padà sílé bàbá wọn. Kò sí yàrá mìíràn tó ṣófo. Yàrá kòkó ni wọ́n fún wọn. Àṣíáwù yìí ni Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń gbé nínú yàrá yẹn, láti ìgbà náà sì ni àwọn èèyàn ti ń pè wọ́n ní dálémoṣú. Wọ́n á pè é tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní eré ni àwọn ń ṣe.

Kí ni mo wá ń wá níbẹ̀? Òjò ọdún tó kọjá ló wó ògiri ẹ̀yìn ilé Gàrúbà. Ẹbí pàdé, wọ́n ní kí wọ́n kúkú wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Èmi ni mo dìde tí mo ní rárá o. Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹrin nìyẹn, pé ilé kò gbọdọ̀ di pàǹtírí. Ohun tí a bá kọ́, kí ó ṣeé tú. Ohun tí a bá tú, kí ó tún ṣeé kọ́. Igi ìrókò tó gbé òrùlé ilé Gàrúbà, ẹ lọ wá irú rẹ̀ lọ́jà pákó lónìí kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Amọ̀ ara ògiri, ẹ da omi sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tún un mọ, ó di ògiri tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa, bí ilé bá ti gbó, katapílà ló kù. Wọ́n á kó igi rere àti páànù rere lọ dà sí kòtò ní ọ̀nà Asejire, wọ́n á wá lọ jẹ gbèsè nítorí símẹ́ǹtì.

Mo sọ̀rọ̀ títí, Bàbá Alhaji Khalilullah gbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọkùnrin ni wọ́n, àwọn sì ni olórí ẹbí. Wọ́n ní kí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá tú ilé náà díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi ohun tí a bá tú kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ kan náà. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà nítorí pé kò ní ná wọn lówó púpọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí àwòrán ilé tuntun, wọ́n ní ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀. Mo yọ ọ́. N ó dé ibẹ̀.

Kí iṣẹ́ má baà dàrú, a pín gbogbo ara ilé sí ọ̀nà mẹ́ta, a sì fi ọ̀dà sàmì sí i. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé jẹ́ ti èyí tó ṣì dára, tí a ó lò bó ṣe wà. Ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti èyí tó fẹ́ àtúnṣe. Pupa jẹ́ ti èyí tí kò wúlò mọ́, tí yóò padà sínú ilẹ̀. Inú mi dùn sí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi.

Ohun tí n kò rò ni pé ìyàwó mẹ́ta ni Gàrúbà fẹ́. Ìyálé ló ni iwájú ilé, ìyàwó kejì ló ni àárín, ìyàwó kẹta, ìyá Àǹtí Àgbà, ló ni ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà ni òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé wá. Ẹ wo ibi tí ọ̀dà bọ́ sí. Iwájú di àwọ̀ ewé, àárín di ìyeyè, ẹ̀yìn pọ́n fòò. Ìdí igi mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí i tí kò ní sọ pé wọ́n ti pín ogún? Èmi nìkan ni. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ó yẹ kí n ti fura lánàá. Soliat, ọmọ ìdí igi kejì, gbé kẹ̀kẹ́ márúwá wá láti Ìkirè, ó kó fèrèsé méjì tí a fi ọ̀dà ìyeyè sí lára. Ó ní, "Àǹtí Fáìzàh, ẹ kú pípín o. Ẹ ò rẹ́ wa jẹ. Ọlọ́run á fún yín ṣe." Mo rò pé káfíńtà kan ló fẹ́ gbé wọn lọ fún kí ó bá wa tún wọn ṣe. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a tì wọ́n sínú kẹ̀kẹ́.

"Fáìzàh," Àǹtí Àgbà ní láti ìta, "kí ni ìyá mi fi ṣe yín?"

"Ìyá yín kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kò sọ nǹkan kan nípa wọn."

"O kò sọ ọ́ lẹ́nu. O fi ọ̀dà kọ ọ́. Mo bi ọmọbìnrin tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, Qaosarat yẹn, mo ní kí ni pupa yìí. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, 'Màmá, èyí tó pupa, ilẹ̀ ni a ó dà á sí.' Ti ìyálé, ewé. Ti ìyàwó kejì, ìyeyè. Ti ìyá mi, ilẹ̀. Ògiri tí ìyá mi fi ọwọ́ ara wọn rẹ́! Soliat ti kó tiẹ̀ lọ. Kí ni kí èmi wá kó? Kí n bu yẹ̀pẹ̀ sórí?"

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní a kò pín ogún, mo ní òjò ló pín in, kì í ṣe èmi. Mo ní pupa kì í ṣe èébú, amọ̀ tó bá padà sí ilẹ̀ ni a ó tún fi mọ ògiri mìíràn. Mo ní n ó lọ gba fèrèsé lọ́wọ́ Soliat lónìí. Mo ń sọ̀rọ̀ sí pákó bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì, òógùn ń ṣàn wọ ojú mi lábẹ́ híjáàbù. Páànù ti gbóná lókè, ó ń ta pàrà pàrà. Afẹ́fẹ́ kò wọlé láti ibì kankan.

Àǹtí Àgbà gbọ́ mi tán. Wọn kò já ọ̀rọ̀ gbà mí lẹ́nu.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ẹ kò pín ogún. Mo gbà. Nínú ilé tuntun tí o yà, yàrá mi dà?"

Mo sún sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Mo ti bi ọ́ nígbà tí o kọ́kọ́ dé, o ní, 'Ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo nǹkan ló máa padà.' N kò bi ọ́ nípa gbogbo nǹkan. Yàrá mi ni mò ń bi ọ́. Títí o ó fi dá mi lóhùn, ibẹ̀ ni o wà."

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àpótí, tí wọ́n jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Mo ya yàrá Àǹtí Àgbà. Iwájú ni mo yà á sí, níbi tí oòrùn àárọ̀ yóò ti máa wọlé, fèrèsé méjì, ilé ìwẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà máa jáde sínú òjò láti ṣe àlùwàlá. Mo gbé àwòrán náà lọ fún Bàbá Alhaji ní Ìkirè. Wọ́n fi ìka lé e, wọ́n ní, "Injiníà, yàrá ta nìyí?" Mo ní ti Àǹtí Àgbà ni. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Wọ́n ní ilé àwọn ọmọ ọkùnrin ni à ń kọ́, pé bí a bá fi dálémoṣú sí iwájú ilé tuntun, kí ni àlejò yóò sọ? Mo bi wọ́n pé níbo ni Àǹtí Àgbà yóò gbé, nítorí Àǹtí Àgbà kò bímọ. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í sùn. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́ tàbí kí n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ túlé níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo pa á rẹ́. Mo kọ "ibi ìkẹ́rùsí" sí ojú ibẹ̀. Mo ní bí ilé bá ti dúró, n ó mọ bí n ó ṣe dá a padà sí i. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí nínú láti ìgbà náà, mo sì ń fi iṣẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Bí mo bá sọ òótọ́, Bàbá Alhaji yóò gbọ́, iṣẹ́ yóò bàjẹ́, wọ́n á wó ilé náà, yàrá Àǹtí Àgbà yóò sì lọ. Bí mo bá purọ́, ilé yóò dúró, yàrá Àǹtí Àgbà yóò lọ bákan náà. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, n kò rí ọ̀nà.

Mo lọ dúró lójú fèrèsé. Ògiri ilé kejì ni mo rí, ó súnmọ́ débi pé ọwọ́ mi ì bá kàn án bí kì í bá ṣe irin. Kò sí nǹkan mìíràn láti wò. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Àpótí aṣọ kan, bútà, ẹní ìkírun, iṣu mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wọn yàrá yìí rí, mo mọ gígùn rẹ̀, mo mọ ìbú rẹ̀, mo mọ bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó. N kò jókòó níbẹ̀ rí. Mo ní bí mo bá pẹ́ sí i níbí, n ó ké.

Ìgbà yẹn ni nǹkan gún mi nítan. Sípánà ni. Mo ti fi í tú igi òrùlé láàárọ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ sínú àpò. Mo wo ìnjìsì, mo wo nọ́ọ̀tì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Gàrúbà kọ́ yàrá náà kí olè má lè wọlé, kò kọ́ ọ kí èèyàn má lè jáde. Mo rọra fi sípánà mú nọ́ọ̀tì kan. Mo rò pé yóò ti dógùn-ún pátápátá, pé n ó fi gbogbo agbára yí i. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀. Mo gbé ìka sí imú, àdín ni.

Mo dúró. Bí mo bá tú u, mo jáde. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Àǹtí Àgbà ṣì jókòó lórí àpótí, ìbéèrè wọn ṣì wà nílẹ̀. Mo fi sípánà sísàlẹ̀, mo fi ẹnu ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Àgbà, mo yà á. Iwájú ni mo yà á sí, fèrèsé méjì. Mo ti pa á rẹ́."

"Ta ló ní kí o pa á rẹ́?"

"Bàbá Alhaji ni."

Àǹtí Àgbà ló pọn Bàbá Alhaji dàgbà, nítorí ìyálé pẹ́ kó tó bí ọkùnrin, ara rẹ̀ kò sì le lẹ́yìn tó bí ọmọ náà. Gbogbo ẹbí ló mọ̀.

"Khalilullah tí mo pọ̀n," ni wọ́n wí. Wọn kò pariwo. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Sípánà wà lápò rẹ. Mo rí i kí o tó wọlé. Tú ilẹ̀kùn náà."

"Ẹ kúkú ṣí àgádágodo, mà."

"Tú u. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Mo tú nọ́ọ̀tì, mo fa ìnjìsì kúrò lórí bóòtù, mo wọ́ ilẹ̀kùn náà sínú láti ẹ̀gbẹ́ tí kì í gbà ṣí. Àgádágodo ṣì wà lára rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àǹtí Àgbà dìde, wọ́n bá mi dì í mú. Wọ́n ń wo àlàfo náà bí ẹni pé ọ̀nà tuntun ni wọ́n là sínú ilé.

"Ẹ̀yin lẹ fi àdín sí i," mo ní.

"Gbogbo ọdún ni. Bàbá wa ló fi hàn mí nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, pé bí ẹnì kan bá tì mí mọ́ ibẹ̀, báyìí ni kí n ṣe. Ìgbà tí mo padà wá, mo ní kí ó má dógùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n bá bú mi ní dálémoṣú tó dùn mí gan-an, mo máa ń lọ kùn ún." Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró. "Ibo ni ǹ bá lọ?"

Omijé bọ́ lójú mi.

Báyìí ni Bàbá Alhaji bá wa, ilẹ̀kùn lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Wọ́n wá kírun Jímọ̀ ní Àpòmù, wọ́n ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, fìlà funfun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ̀ lé wọn. Mọ́tò Titus náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Mo ní bí kò bá sí yàrá Àǹtí Àgbà nínú ilé tuntun, n kò kọ́ ọ.

Bàbá Alhaji kọ́kọ́ yíjú sí Àǹtí Àgbà. "Àǹtí, ẹ má bínú. A ó wá ibi kan fún yín."

"Níbo?"

Wọ́n yíjú sí mi. "Kò burú, Injiníà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Katapílà tó ń gbẹ́ gọ́tà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, mo mọ ọ̀gá wọn. Kí ó tó di ìrun Alásárì, ilé yìí á ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kó àwọn ọmọ rẹ, ẹ máa lọ." Wọ́n fa fóònù yọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wò mí. Mo ti kọ́ wọn pé igi ṣeé tún lò, pé irin ṣeé tún lò. N kò kọ́ wọn ní ohun tí wọn ó ṣe bó bá jẹ́ èèyàn ni wọ́n kun pupa.

Àǹtí Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n gba àárín wa kọjá, wọ́n wọ yàrá kòkó lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Fáìzàh, bá mi gbé ilẹ̀kùn yẹn padà."

Mo wọlé, mo gbé e dúró ní àyè rẹ̀. A ti ń gbọ́ ariwo katapílà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó ti kúrò lójú kan.

"Kí o dè é kó le."

"Àǹtí Àgbà, inú nìkan ni wọ́n ti ń dè é."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi kò lè yí sípánà mọ́." Wọ́n wo ilẹ̀. "Bí o bá fẹ́ jáde, máa lọ. N ó tì í dúró."

"Mà!" Titus ń pè mí láti ìta. "Mà, ẹ jáde o, ó ti ń bọ̀!"

Mo rí Bàbá Alhaji láti àlàfo ilẹ̀kùn náà, fóònù wà létí wọn, ẹnu wọn ti dákẹ́. Wọ́n rí ibi tí mo dúró sí. Mo fa ilẹ̀kùn náà mọ́ra, mo ti ìnjìsì bọ orí bóòtù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í de nọ́ọ̀tì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí wọn kò fi lè yí mọ́. Yàrá ṣókùnkùn, páànù ń ta lókè. Katapílà ti wọ àgbàlá, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Àǹtí Àgbà sún díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n ní kí n wá jókòó.